Ilẹ̀ Tí Ọmọdé Yóò Kọ́kọ́ Tẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ iwájú ilé ni. Ilé ọ̀hún ni mùsíọ́mù àwọn ọmọdé: ilé tí a ó kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun ìṣeré sí, tí ọmọ yóò fọwọ́ kàn wọ́n, tí yóò tú wọn wò, tí yóò tún wọn tò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní jágbe mọ́ ọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ọdún 1899 ni wọ́n ti ṣí èyí àkọ́kọ́ ní Brooklyn, ní New York. Mo fẹ́ kí Ìwó, ìlú wa, náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹnu kan yàrá inú rẹ̀ lónìí. Ojúde rẹ̀ ni mo bá wá, ibi tí ọmọ yóò dúró sí kó tó kan ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ìta? Nítorí pé nílẹ̀ wa níbí, bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan bá kọ́lé fún ará ìlú, inú ilé ni owó ń bá lọ. Ìgbà tí owó bá ku bíńtín ni a máa ń rántí iwájú rẹ̀. Wọn a da ìńtalọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà. Wọn a to ìkòkò òdòdó onísìmẹ́ńtì sí ọ̀tún àti sí òsì. Wọn a kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko, wọn a sì fi ìyókù ilẹ̀ sílẹ̀ fún mọ́tò àwọn ọ̀gá. Kò sí igi, kò sí ìjókòó. Ẹ bọ́ bàtà yín ní aago kan ọ̀sán nínú oṣù kejì, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ìńtalọ́ọ̀kì yẹn wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti mọ̀ kó tó wọlé pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń retí. Ohun yòówù kí wọ́n tò sínú ilé lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ni ọmọ yẹn yóò kọ́kọ́ gbé wọlé.

Bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́ ní ìwúlò ojúde. Ilé ńlá kan kì í sí láìní ojúde. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń kí, ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn onílù ń tò sí lọ́jọ́ ọdún. Iwájú ààfin ni ọjà ọba ń wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, abẹ́ igi ọdán tó wà níbẹ̀ ni àgbà ti ń gba atẹ́gùn, tí ọmọdé ti ń ṣe bojúbojú bí òṣùpá bá yọ. Kò sì sí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kó tó dúró lójúde. Ohun tí mo fẹ́ kí ojúde mùsíọ́mù yìí jẹ́ nìyẹn: kí ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè dé ibẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, kó ṣeré, kó fojú rí nǹkan, kó kọ́ nǹkan, kó sì padà sílé. Ibi tí wọn yóò ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, bí wọn yóò bá gbà á rárá, ẹnu ilẹ̀kùn ilé ni kó wà. Kó má ṣe wà ní géètì.

Ó jẹ́ ìwúrí fún mi pé ìtàn ìlú wa gan-an so mọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títẹ́ ká lára. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: Adékọ́lá Tẹ̀lú, ọmọ ọba tó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn Olúwòó, ọba ìlú wa, ń pè ní baba ńlá wọn, ọmọ Lúwòó Gbàgìdá ni. Lúwòó yìí ni obìnrin kan ṣoṣo tí àwọn òpìtàn Ifẹ̀ ń kà mọ́ àwọn Ọọ̀ni. Ohun tí wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ jù ni pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ìtàn ní òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá Ifẹ̀.

Àpáàdì ọ̀hún sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1957, àwọn tó ń tú ilẹ̀ láti kọ́lé ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀, kan ère onídẹ. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett wá wa ibẹ̀ dáadáa, ó sì bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, awalẹ̀pìtàn mìíràn, Peter Garlake, wa ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Asírí, ó bá irú rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àárín ọdún 1000 sí 1400 ni àwọn onímọ̀ gbé ọ̀pọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ rò ó wò. Kí òyìnbó kankan tó fojú kan etíkun wa, àwọn baba wa ti ń tẹ́ ojúde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, nítorí pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Wọn ò fi àpáàdì lélẹ̀ gbalaja bí ẹni tẹ́ táìlì. Ṣe ni wọ́n gbé e nàró, tí etí rẹ̀ wà lókè, tí wọ́n sì kì í mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí nínú amọ̀ tútù. Ìlà kan á dà sápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á dà sápá òsì, títí gbogbo rẹ̀ á fi rí bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ la ìlà sáàárín rẹ̀. Láàárín àgbàlá mìíràn, wọ́n ri ìkòkò kan mọ́lẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Àpáàdì tó bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè fọ́ ọ sí méjì. Èyí tó nàró, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ á kàn máa dán etí rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ tó rí gbágungbàgun díẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn yọ̀ bí òjò bá rọ̀, bí a bá sì dà á síbi kan díẹ̀, omi a máa tọ ipa àwọn ìlà náà lọ.

Èmi fẹ́ kí ilẹ̀ ojúde yẹn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò wò nínú mùsíọ́mù Ìwó. Kó tó rí àwòrán kankan lára ògiri, kó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ìtàn Lúwòó. Kí olùkọ́ lè dúró síbẹ̀, kó ní, "Ẹ wolẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án," kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

A ò ní ra àpáàdì nílẹ̀ òkèèrè. Ní Ìpetumodù, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, àwọn ìyá amọ̀kòkò ṣì ń mọ ìkòkò, wọ́n ṣì ń sun ún. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò tí ìkòkò kì í fọ́. Ẹ tún wo ilé tiwa: ìkòkò omi ìyá àgbà tó ti sán, àwo amọ̀ tí ọmọ jù sílẹ̀, orù tó ti di ibi tí adìẹ ń yé sí. Bí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá kó tirẹ̀ wá, tí a ya ìwọ̀n ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún un, tí bíríkìlà dúró tì wọ́n, ọmọ yóò mọ ibi tí àpáàdì ilé wọn wà títí yóò fi dàgbà. Kí àwọn àgbà ni kó fọ́ ọ, kí wọ́n fi yanrìn àti òkúta ha ibi tó mú kúrò, kí ọwọ́ ọmọ má bàa gé. Mi ò sì ní kí a fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ojúde. Ọ̀nà kan láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, àti òbírí kan lábẹ́ igi, ó tó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀nà kọnkéré tó tẹ́jú wà, tó fẹ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn, tí kò sì dán jù, fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ àti fún bàbá àgbà tó ń fọ̀pá rìn. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo kórìíra kí a máa júwe ẹ̀yìnkùlé fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e.

Ìbòòji wá kù. Bí owó bá kéré tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni a lè ṣe lójúde náà, mo bẹ̀ yín, ìbòòji ni kí a fi ṣe. Ẹ wo bí oòrùn ṣe ń ṣe lórí Ìwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán gangan ni oòrùn ń wà láàárín orí wa. Nígbà náà, ògiri kò ní òjìji tó lè bo ẹnikẹ́ni, ó wù kó ga tó. Ohun tó bá na ọwọ́ sókè orí nìkan ló lè gbani, igi ni nǹkan ọ̀hún. Àwọn tó ya àwòrán ilé á máa sọ pé kí a ta tapọ́lì tàbí kí a kan páànù sórí irin. Páànù á bo orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ á máa sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ewé igi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Igi ọdán ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a gé, tí a rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, a máa hù, kò sì ní kí a lọ dúró de kóró. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, ó lè gbé àpáàdì àti ìpìlẹ̀ ògiri. Nítorí náà, kí a gbìn ín jìnnà sí ilé, láàárín gbàgede, kí a sì fi ilẹ̀ pupa lásán sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, ibi tí omi lè gbà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi fúrúùtù, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ́ bẹẹrẹ bí àjà lórí àjà, tí ọmọdé sì fẹ́ràn èso rẹ̀. Máńgòrò dára, ìbòòji rẹ̀ nípọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ á sọ òkò sí máńgòrò. A ò lè fi pátákó ìkìlọ̀ dí wọn lọ́wọ́, ó sì sàn kí òkò má bá gíláàsì àti orí ẹnìkejì pàdé. Àwọn igi gígùn tóóró tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì lóde òní, tí wọ́n dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà, wọn ò bo ẹnikẹ́ni. Ẹwà ojú lásán ni.

Ní ti ewéko wẹ́wẹ́, ẹ fún mi ní etí yín dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé. Ẹ mọ olómi-ọjọ́, igi olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń gbìn ṣe ọgbà káàkiri, tí èso rẹ̀ rí rogodo, tó tutù yọ̀yọ̀. Èso yẹn wọ ọmọdé lójú. Ó ń bá wọn jẹ́ ohun ìṣeré, wọ́n á fi ṣe bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi sẹ́nu. Oró inú kóró rẹ̀ ń lọ bá ọkàn tààrà, ó sì lè dá a dúró. Kò gbọdọ̀ sí ní ojúde ọmọdé. Lápálápá náà, tí a ń fi ṣe ọgbà, kóró rẹ̀ a máa fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹnu-ọ̀pìrẹ́ ní wàrà tó ń jó ojú. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà mọ́ ògiri, kó lọ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó. Mo ti rí ju ibì kan lọ tí wọ́n pè ní ibi ìṣeré ọmọdé, tí olómi-ọjọ́ yí i ká. Ẹni tó gbìn ín kò ní ìkà lọ́kàn. Òdòdó ló rí. Ó yẹ kí ẹnìkan tó mọ ewé wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Kí ni ká wá gbìn? Ohun tí ọmọ lè fọwọ́ pa, kó gbóòórùn rẹ̀, kó tọ́ ọ wò. Ẹfinrin. Koríko ọba. Ewúro, kí ojú wọn kọ́rọ́, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Pèrègún fún ààlà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba àwọ̀ ewé rẹ̀. Kí a gbin òwú àti èlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọmọ tó bá fẹ́ wo àdìrẹ nínú ilé ti rí ibi tí aṣọ àti aró ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì yẹ kí patanmọ́ ní àyè tirẹ̀ ní igun kan. Ó ní ẹ̀gún kéékèèké lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọmọ tó fọwọ́ kan patanmọ́, tí ewé náà pa dé, tó sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi tún la.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Oníkàn ní Èkó. Ní ọdún 1928, Dókítà John Randle, ọmọ Sàró tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Scotland, fowó ara rẹ̀ ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìlú tí omi yí ká ni Èkó, omi sì ń gbé ọmọ lọ. Nígbà tó yá, ibẹ̀ di ahoro. Orí ilẹ̀ yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá kọ́ ilé ńlá kan sí fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, wọ́n fi orúkọ John Randle pè é, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣe ìṣílé rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Seun Oduwole ló ya àwòrán rẹ̀. Òrùlé ilé náà dagun díẹ̀díẹ̀ láti orí ilẹ̀, koríko ni wọ́n gbìn lé e lórí, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń wò ó láti apá kan, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ló gbéra sókè. Wọ́n sì tún adágún náà ṣe, ó ti padà sípò. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí dókítà náà ṣe fún ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n tó kó ère àti adé sínú ilé.

Ṣé kí àwa náà wá gbẹ́ adágún síwájú mùsíọ́mù wa? Rárá o. Adágún tí kò ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́ ewu ni, omi tó bá sì dá rogún, ẹ̀fọn ló ni ín. Àwọn ará Pittsburgh ní Amẹ́ríkà wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Iwájú mùsíọ́mù ọmọdé wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ gbàgede onísìmẹ́ńtì tó rì wọ ilẹ̀, kò pe ènìyàn. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ọgbà tuntun síbẹ̀. Andrea Cochran ló ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà Ned Kahn ri àwọn ọ̀pá irin gígùn mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀, tó ń tú ìkùukùu jáde. Ọmọdé á sáré wọ inú ìkùukùu náà, wọ́n á sáré jáde, ara wọn á tutù. Kò sí omi tó dúró síbì kan.

A ò nílò ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ìwó. Òjò wa tó. Bí a bá kọ́ ilé náà, dípò kí a fi páìpù oníke kó ọ̀ṣọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn síta, kí ọmọ rí i. Kó bọ́ sínú ìkòkò ńlá kan, kó kún, kó ṣàn sínú ipa omi tóóró tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́, tí kò jìn ju ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ lọ, kó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àpáàdì kọjá, kó lọ wọlẹ̀ ní ìdí igi nínú kòtò tí a kó òkúta kún. Lẹ́yìn òjò, wọ́n á fi ewé ṣe ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, á gbẹ, á di ọ̀nà òkúta tí wọ́n ń fò. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ ní ihò ní ìdí, kí omi má bàa sùn sínú rẹ̀ mọ́jú.

Ohun ìṣeré ńkọ́? Àwọn aláràbarà tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, oòrùn wa kì í pẹ́ kó tó ṣí wọn láwọ̀, bí apá kan bá sì dá, kò sí ibi tí a ó ti rí àrọ́pò rẹ̀. Aldo van Eyck, ará Netherlands, ṣe ibi ìṣeré ọmọdé tó ju 700 lọ sí ìlú Amsterdam láti ọdún 1947. Kòtò yanrìn, òkúta rogodo tí a ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì, irin tí a tẹ̀ kọrọdọ fún gígùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.  Ohun tó mọ̀ ni pé bí nǹkan kò bá sọ fún ọmọ pé báyìí ni kó ṣe é, ọmọ á fi ṣe ọgọ́rùn-ún nǹkan.

Tiwa náà ò le. Kí a la ojú sùwé mọ́ ilẹ̀ kọnkéré kó tó gbẹ, kí ó má bàa di pé wọ́n ń fi ẹfun kọ ọ́ lójoojúmọ́. Kí a gbẹ́ ojú ọpọ́n ayò, méjìlá péré, sórí ìjókòó sìmẹ́ńtì, kí ọmọ àti bàbá rẹ̀ àgbà jọ ta á. Kí ibì kan wà tó dán, tó tẹ́jú, fún òkòtó. Kí yanrìn wà, yanrìn odò tó mọ́, lábẹ́ igi, níbi tí ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n ti lè jókòó fẹ̀yìn ti nǹkan kó sì máa rí ọmọ rẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn ìjókòó ṣe pàtàkì. Ẹni tó pọnmọ rin láti àdúgbò Òkè Ọba wá kò yẹ kó jókòó lórí òkúta tí kò ní ìfẹ̀yìntì.

Àti odídẹrẹ́. Gbogbo ayé mọ Ìwó mọ́ odídẹrẹ́, ẹyẹ eérú tí ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan á sọ pé kí a gbẹ́ ère odídẹrẹ́ ńlá, kí a gbé e sórí òpó gíga láàárín gbàgede, kí a fi irin yí i ká. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé odídẹrẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Kí ó jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, tó dúró lórí ilẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gùn ún lẹ́yìn, tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró. A ní irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Adébísí Àkànjí ní Òṣogbo, iṣẹ́ bíríkìlà ló bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì yẹn náà ló fi ṣe ẹranko, tó fi ṣe ère, tó fi ṣe ògiri olójú àrà, tí ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Igbó Ọ̀ṣun, pẹ̀lú ti oníṣẹ́ ọnà Àdùnní Olórìṣà, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ìwó àti Òṣogbo ò jìnnà síra. Ẹ rán bíríkìlà ọ̀dọ́ mẹ́ta láti ìlú wa lọ wo ògiri yẹn.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ fún fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà, nítorí ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kì í wo títì. Ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì tí a kò lè rí inú rẹ̀, tí wọ́n fọ́ ìgò sí lórí, ilé ẹlẹ́wọ̀n ló jọ. Kí ó ní ojú, kí àwọn ojú kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìwọ̀n ojú ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ, kó kúnlẹ̀ níwájú géètì ilé ìjọba èyíkéyìí, kó wo ohun tó lè rí láti ibẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tí yóò ti já ọmọ sílẹ̀ láìla títì kọjá. Kí mọ́tò àwọn ọ̀gá lọ sẹ́yìn ilé. Kí omi ẹ̀rọ àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ wà lójúde, kó má jẹ́ inú ilé nìkan. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ológúgúrú àti ẹni tó ń ta omi tútù, kí a kọ́ àtẹ kékeré fún wọn lábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n á wá bó ti wù kó rí. Bí wọ́n bá ní àyè, wọ́n á máa gbá ibẹ̀, ojú wọn á sì máa wà lára ọmọ.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ra bíríkì kan, ni igi gbígbìn. Bí ilẹ̀ bá ti wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé kò tíì sí, kí a ri ọdán àti fúrúùtù mọ́lẹ̀ bí òjò oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún bá ti mulẹ̀. Kí a fi ọ̀pá yí wọn ká nítorí ewúrẹ́. Kí ilé-ìwé tó súnmọ́ ibẹ̀ máa bomi rin wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti èkejì, nítorí ìgbà náà ni igi máa ń kú. Ọdún tí wọn yóò fi wá owó, tí wọn yóò fi ya àwòrán, tí wọn yóò fi gbé ilé dé òkè, igi ò ní dúró dè wọ́n, á máa dàgbà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a mú eérú lọ sórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé kan, kí a fi la ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ibi tí yanrìn yóò wà, ibi tí odídẹrẹ́ yóò dúró sí. Kí a wá tú ọmọ ogójì sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí àwọn àgbà má sọ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n bá sáré gbà, tí kò bá ìlà eérú wa mu, ẹ jẹ́ kí a nu tiwa kúrò, kí a tún ìlà náà fà síbi tí ẹsẹ̀ wọn là.